“Bene” Ni Mo Ń Sọ fún Dókítà

Bí ikọ́ rẹ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí o sì ń sọ fún ara rẹ pé òtútù ilẹ̀ yìí ló fà á, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Magazzino ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lẹ́bàá Novara, níbi tí a ti ń di ọjà sínú páálí. Ṣùgbọ́n mo ti ní ikọ́ ife rí, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, mo sì ti sàn. Ènìyàn méjì ni àìsàn náà mú nínú yàrá kan ṣoṣo ní Torino. Èmi ni mo ṣẹ́kù láti ròyìn rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé ilé náà. Àǹtí Rónkẹ́ ni àgbà wa. Orúkọ wọn ló wà lórí ìwé ilé, wọ́n sì jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ wa. Wọ́n ní yàrá tiwọn. Èmi àti Bùnmi la wà ní yàrá kejì: bẹ́ẹ̀dì méjì, kọ́bọ́ọ̀dù kan, fèrèsé kan tó dojú kọ ojú irin tram. Ọmọ Ìwó ni Bùnmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, a ò bára wa tan rárá. Kíláàsì tí a ti ń kọ́ èdè Italian la ti pàdé, a sì jọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà la ti ń jẹun nínú abọ́ kan. Bùnmi a máa yára jẹun, ẹran tó bá kẹ́yìn, á ní tòun ni, nítorí òun lòun se ọbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ èmi ni mo sè é, á ní tòun náà ni, nítorí òun lòun ra ata.

Òfin kan wà nínú ilé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun kò yá. Àǹtí Rónkẹ́ ló fi òfin náà lélẹ̀. “Ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi tún ayé yín ṣe,” wọ́n máa ń wí. “Ẹ má jẹ́wọ́ àìsàn. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀, ẹ ti gbà á lálejò nìyẹn.” Bó ṣe ẹ̀yìn ló ń dùn wá, bó ṣe orí ló ń fọ́ wa, “Ara mi le” ni ìdáhùn. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí o. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé náà nìyẹn. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n máa bi pé ṣé dáadáa ni tí kò ní í kọ́kọ́ sọ pé “A dúpẹ́”, kódà bí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀?

Ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, kékeré, bí ìgbà tí eruku bá wọ ọ̀fun ẹni, mo sì sọ pé eruku páálí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣò. Inú mi tiẹ̀ dùn. Bùnmi ní mo ti ń di modella, pé kí n má gbàgbé òun tí wọ́n bá gbé mi sínú ìwé ìròyìn. Nígbà tó yá, aṣọ tí mo fi ń sùn a máa tutù fún òógùn títí tí mo fi ń fún un bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló fà á. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, a ò ṣí fèrèsé yàrá yẹn rí, kí ooru tí a ń sanwó fún má baà jáde lọ sí títì. Inú ibẹ̀ ni mo ti ń wúkọ́, inú ibẹ̀ ni Bùnmi ti ń mí.

Mo lọ rí dókítà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo jókòó láàárín àwọn ìyá àti bàbá arúgbó tó kún ọ́fíìsì dókítà tí ìjọba yàn fún mi, tí mo ń béèrè ẹni tó gbẹ̀yìn kí n lè mọ ẹni tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá kàn mí, dókítà, obìnrin tí kì í pariwo, á gbójú sókè lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, á ní:

“Come sta, signora?”

“Bene, dottoressa. Grazie a Dio.”

Báwo ni mo ṣe wà? Dáadáa ni mo wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lójú tèmi, ìkíni ló kí mi, mo sì jẹ́ ẹ bí ọmọlúàbí ṣe ń jẹ́ ìkíni. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè ni. Òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara mi dá. Bó bá wá béèrè ohun tó gbé mi wá, mo máa ń sọ pé ikọ́ ni, “un po'”, díẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ gbé Sàtánì ga. Ṣé mò ń jẹun? Bene. Ṣé mò ń sùn? Bene. Á kọ oògùn ikọ́ olómi fún mi, mo máa dúpẹ́, mo máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ẹnu ara mi lé ara mi jáde ní ibi tí ìwòsàn wà.

Nílé, ìmọ̀ràn pọ̀ ju ikọ́ lọ. Àǹtí Rónkẹ́ ń fi àdí pa mí láyà ní àràárọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, Bọ̀ọ̀dá Wálé, pè mí pé kí n máa bọ̀ wálé, pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ń fẹ́ ipò mi. Mo bi wọ́n pé ipò wo. Páálí ni mò ń dì. Ìyá mi fi orógbó àti ẹ̀lú oògùn kan rán obìnrin kan tó ń padà bọ̀ sí Parma, Bùnmi ló sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ gbà á lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Nígbà tó dé, bàtà rẹ̀ ti rin gbingbin fún òjò. Ó ní bí oògùn náà kò bá ṣiṣẹ́, òun máa gba owó ọkọ̀ òun lọ́wọ́ ìyá mi. Mo lò ó tán. Mo ṣì ń wúkọ́.

Ọjọ́ kan, mo wúkọ́ sínú ìwé ìnujú ní ilé ìdáná, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo ká a mọ́wọ́ kíákíá. Bùnmi ti rí i. Ó pa iná ọbẹ̀, ó bá mi mú kóòtù mi, ó ní ká máa lọ. A jókòó sí pronto soccorso, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó wá ní pàjáwìrì, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bá wa níbẹ̀ tí wọ́n sì wọlé ṣáájú wa. Nígbà tí wọ́n pè mí, dókítà ọkùnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ bi mí bákan náà: “Come sta?” Ẹ ò ní gbà á gbọ́, mo tún ní “Bene.”

“Non bene!” Bùnmi ló sọ ọ́, lẹ́yìn mi. “Dottore, sputa sangue. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tu. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Mojí, jọ̀ọ́, sọ fún wọn o.”

Dókítà yẹn wò mí, ó wo Bùnmi, ó dìde, ó sì fi ìbomú bò mí lẹ́nu àti nímú. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti gbé mi sí yàrá tí mo dá nìkan wà. Bí mo ṣe wà láàyè lónìí, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló fà á, kì í sì í ṣe ẹnu mi ló ti jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí kò ṣe é fẹnu sọ. Mo rò pé wọ́n máa gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì fi ọkọ̀ òfuurufú dá mi padà. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ìgbélùú mi kọjá orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Oògùn náà, n kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń lò ó lójoojúmọ́. Ìtọ̀ rẹ á pọ́n bí epo pupa. Má bẹ̀rù, oògùn ni. Èébì á máa gbé ọ. Lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀, ara rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn rẹ á máa sọ pé kí o dá a dúró. Má dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì kan ló fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń ràn. Ó ní kì í ṣe abọ́, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe kọ́ọ̀pù. Atẹ́gùn ni. Ó bi mí pé èmi àti ta ni a jọ ń sùn, àti pé ṣé a máa ń ṣí fèrèsé. Bùnmi wà lẹ́yìn gíláàsì ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ó ń fi ọwọ́ ṣe ijó sí mi kí n lè rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn elétò ìlera kọ ìwé sí ilé wa pé kí àwọn méjèèjì wá ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo rò pé Àǹtí Rónkẹ́ máa fa ìwé náà ya. Wọ́n lọ. Wọ́n sunkún nínú tram títí wọ́n fi dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Àwọn dókítà rí i pé àìsàn náà ti wọ ara Àǹtí, àmọ́ ó ń sùn, kò tíì jí. Wọ́n lo oògùn oṣù mẹ́ta, ó parí síbẹ̀. Bùnmi náà ní òun ti lọ. Mo bi í pé kí ni wọ́n wí. Ó ní, “Negativo. Ara mi le, àbí o ò mọ̀ mí ni?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀ mi.

Nígbà tí mo padà sílé, Àǹtí Rónkẹ́ ti ra abọ́ pupa kan àti kọ́ọ̀pù pupa kan fún mi, wọ́n sì gbé wọn sí pẹpẹ tiwọn lọ́tọ̀. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí mi. Abọ́ yẹn sọ ọ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bùnmi fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ pupa náà, ó sì mú ẹran inú rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe abọ́,” ó wí, ó ń jẹ ẹran mi. “Ọbẹ̀ tí mo sè, o fẹ́ dá jẹ ẹ́.” Mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹnì kankan láyé yìí bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó rí iṣẹ́ ní Padova. Ìyá arúgbó kan ló fẹ́ máa tọ́jú, inú ilé ìyá náà ni á máa gbé, wọ́n sì máa fún un ní contratto gidi. Ìwé iṣẹ́ yẹn ló nílò kí wọ́n tó lè tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe. A jọ di ẹrù rẹ̀, mo sì sìn ín dé ibùdókọ̀ Porta Nuova. Ó ní kí n má jẹ́ kí Àǹtí Rónkẹ́ fi ẹlòmíràn sórí bẹ́ẹ̀dì òun ní kíákíá.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Á ròyìn ìyá arúgbó náà fún mi, bó ṣe ń pè é ní Bumi, bí òun ṣe kọ́ ìyá náà láti máa jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ata díẹ̀. Bí mo bá ní “Ara ńkọ́?”, á ní “Bene, bene.” Ní nǹkan bí oṣù kẹjọ tó ti wà níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ikọ́. Gbígbẹ, kékeré.

“Ikọ́ wo nìyẹn?” mo béèrè.

“Òtútù Padova ni. Ìkùukùu ibẹ̀ burú ju ti Torino lọ.”

Mo mọ gbólóhùn yẹn. Èmi ni mo ni ín. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sọ ọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì, kí n di apá rẹ̀ mú, kí n dúró níwájú dókítà, kí n pariwo pé “Non bene!” gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe fún mi. Mi ò ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní kò ní. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá jẹ́ ikọ́ yẹn ni, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Mo yàn láti gba “bene” rẹ̀ gbọ́ nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Mo gbà á gbọ́ ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gbà á gbọ́ ní òmíràn, mo sì ń gbọ́ bí ikọ́ náà ṣe ń jìn sí i.

Ọmọ ìyá arúgbó náà ló fi fóònù Bùnmi pè mí. Ó ní Bùnmi ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìdáná, ó sì ti wà ní ọsibítù. Mo dé Padova ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Wọ́n fi ìbomú fún mi kí n tó wọlé. Bùnmi tó máa ń kún ẹnu ọ̀nà bó bá ń wọlé ti di ohun tí bẹ́ẹ̀dì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì. Dókítà ti sọ fún mi ní ìta pé ó ti pẹ́ jù, pé ó ti kọjá àyà, ó ti wọ orí.

“Bùnmi, ara ńkọ́?”

“Mojí, mi ò gbádùn. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbádùn.”

“O ní negativo ni.”

“Mi ò lọ.”

“Kí ló dé?”

“Mo ti ń wá irú iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Ta ló máa gba ẹni tó ní ikọ́ sílé ìyá ẹ̀? Ìwọ náà sì ńkọ́? Tí mo bá ní ó ti ràn mí, ṣé wàá tún lè jẹun? O ò bá ti dá oògùn ẹ dúró.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní kí n yéé sọ̀rọ̀ òmùgọ̀, kí n fún òun lómi. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò sí i. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó lọ, láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ fún àwọn yòókù.

Padova náà la sin ín sí. Inú fóònù tí Àǹtí Rónkẹ́ gbé dání ni àwọn ará ilé rẹ̀ ti wo ìsìnkú ọmọ wọn. Àǹtí Rónkẹ́ ti gba òfin ilé wa padà lẹ́nu ara wọn. Wọ́n dúró nínú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ń wúkọ́ lọ rí dókítà, kó sì sọ ibi tó ń dùn ún, pé Ọlọ́run kò sọ pé ká parọ́ fún dókítà. Ọ̀rọ̀ tèmi fún ọ kò ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá ní “Come sta?”, má kí wọn padà. Sọ̀rọ̀ ara rẹ. Sọ ọ́ láìdín. Bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá sì ní òun ti ṣe àyẹ̀wò, béèrè ìwé rẹ̀, kí ẹ jọ kà á. Kó bínú sí ọ. Ìbínú á lọ.

Ìyá Bùnmi kò mọ irú àìsàn tó pa ọmọ wọn. Àìsàn àyà la sọ fún wọn. Wọ́n a máa pè mí, wọ́n a máa súre fún mi pé mo ṣe ọmọ ìyá fún Bùnmi, pé Ọlọ́run á bá àwọn san án fún mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣe àmín sí àdúrà tí mi ò tọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, mo ní, “Màmá, ẹ dákẹ́ ná. Ikọ́ ife ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kó o.” Wọn ò sunkún, wọn ò ṣépè. Wọ́n pa fóònù.

Mo ṣì ń pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Wọn kì í gbé e. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé mo ti lọ tún àyà mi yẹ̀ wò lẹ́yìn tí mo tọ́jú Bùnmi, pé mo ń retí èsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò Bùnmi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n Mojí, Màmá ní kí ẹ má pè wọ́n mọ́. Wọ́n tún ní kí n béèrè bóyá èsì àyẹ̀wò yín ti jáde.”

Mo kọ ọ́ padà sí i pé ó ti jáde, pé ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́, kó bá mi sọ fún wọn.